Àwo Tí Kò Gba Ọbẹ̀

Ẹgbẹ̀rún ni wọ́n fọkàn sí. Irinwó lowó wọn ká.
Àpótí méjì ló dé láti Gílásígò,
òjò Dọ́ńdíì ti jẹ ìdí ọ̀kan,
ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí èkejì lẹ́nu àtẹ̀gùn,
ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí adìẹ gbé.

Sẹnga lorúkọ ẹ̀. Agnẹs ni ìyá àgbà wa;
wọ́n ka orúkọ yẹn láti ẹ̀yìn wá síwájú, wọ́n fi sọ ọmọ.
Bóyá ibẹ̀ ni òdì ti bẹ̀rẹ̀:
òun ló ń lu ìlù, Rọ́rì ọmọ alápatà ló ń pariwo,
Èwán tó di gìtá mú ò mọ̀ ju ohùn mẹ́ta lọ,
ó sì ń tẹ ìkẹta bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún.

Orin náà ò pé ìṣẹ́jú méjì.
Bọ́ọ̀sì àṣekẹ́yìn tó kọjá wọn nínú yìnyín láì dúró
ni wọ́n fi kọ ọ́.
"Dúró!" ni Rọ́rì ń kígbe. Mo ti kà á: ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá.
Nígbà kẹsàn-án ohùn ẹ̀ ya bí aṣọ.
Owó àtigbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ò sí,
wọ́n fi yíya náà sílẹ̀.
Ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń dúró dè.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Èmi ni mo ń fi gọ́ọ̀mù lẹ àpò ìwé
lórí tábìlì ìdáná, ìka mi lẹ̀ mọ́ra wọn,
nígbà tí a rí i pé ilé iṣẹ́ ti lẹ orúkọ iwájú mọ́ ẹ̀yìn
lára gbogbo irinwó.
Èwán sunkún. Sẹnga ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó jọ mí."

Ìyá wa ti ibi iṣẹ́ dé, òwú ọ̀kẹ́ lórí, òwú ọ̀kẹ́ ní ìpéǹpéjú.
Ọdún mọ́kànlélógún nídìí ẹ̀rọ tí ń hun ọ̀kẹ́;
ẹ̀rọ náà ti jẹ etí ẹ̀ tán.
Ètè nìkan làwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀,
wọ́n lè bú ọ̀gá lójú ọ̀gá, kó máa rẹ́rìn-ín.
Ó mú ọ̀kan nínú àwo náà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́
bí ìgbà téèyàn fẹ́ bu ọbẹ̀ sí i,
ó wo ihò àárín ẹ̀, ó wo Sẹnga.
Sẹnga gbé e sórí ẹ̀rọ.

Ilẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀gbẹ́ni Gẹ́mìlì nísàlẹ̀
ń fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà ẹ̀, kò bá ìlù mu.
Ìyá bọ́ bàtà.
Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé àpótí ohùn
bí ẹni tó ń wò ó bóyá ibà ń ṣe ọmọ,
ó dijú.
Nígbà tó parí, ó sọ ọ́ sókè ju bó ṣe yẹ lọ,
bí adití ṣe ń sọ̀rọ̀:
"Ẹ̀rọ kẹrin nìyẹn. Èyí tí bẹ́líìtì ẹ̀ máa ń yọ̀.
Oṣù mẹ́jọ ni mo fi oyún rẹ dúró níwájú ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó fèsì.

Mọ́kànlélọ́gọ́ta la rí tà. Rọ́rì bá àwọn tí ń wa epo lọ sójú òkun,
wọ́n ti sọ ilé iṣẹ́ ọ̀kẹ́ di ilé gbígbé olówó.
Ọ̀kan ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi.
Abẹ́rẹ́ máa ń há sí "Dúró" kẹsàn-án.
Mo máa ń bọ́ bàtà kí n tó lọ tì í.