Ohun Tí Àtẹ́lẹsẹ̀ Mọ̀

Ní Palacios, létí òkun Tẹ́sáàsì,
oṣù Ògọ́sì kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.
Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ péré,
irin ìdákọ̀ró ti gbóná ju ohun tí ọwọ́ lè dì mú.
Èmi tí mo ń kun ọkọ̀ jẹun
wà lábẹ́ ìbòòji tapólì,
búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, òógùn lójú.

Ọ̀gbẹ́ni Khiêm, apedé, ọmọ Fiẹtináàmù,
gbé garawa ọ̀dà kan wá:
búlúù tó ṣú bí ojú ọ̀run lóru.
Ó ní, “Ìyàwó mi ló yàn án kó tó kú.
Láti ìdí dókè. Má ṣẹ́ ibì kankan kù.”
Mo ní, ọ̀gá, òkè ọkọ̀ ńkọ́? Ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀?
Ó wo omi. Kò dá mi lóhùn.
Ta ni yóò bá òkú jiyàn lórí àwọ̀?
Mo kùn ún.

Àwọ̀ dúdú, n kò bú u o,
dúdú lèmi náà, òun ni mo wọ̀ wáyé.
Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá yà sílé dúdú,
dúdú a tẹ́ ẹní fún un,
a ní kó má tíì lọ.
Ilẹ̀ á ṣú, ìràwọ̀ á yọ,
àlejò ọ̀sán á ṣì wà ní yàrá,
á máa mí gbọ́ọ̀rọ̀ sí ọrùn ẹni tó fẹ́ sùn.
Funfun ló mọ bí a ti í kí oòrùn lẹ́nu ọ̀nà:
ẹ kú ìrìn o, ẹ máa lọ.

Ọjọ́ kẹta, ajá Khiêm kọ̀, kò gun ọkọ̀ mọ́.
Ọjọ́ kẹrin, Thuận, ọmọ-ọmọ rẹ̀,
bọ́ bàtà, ó bẹ́ láti èbúté sórí ọkọ̀.
Igbe tó ké, ẹyẹ òfú orí òpó fò lọ.
Yìnyín tí à ń kó sí ikùn ọkọ̀ nítorí edé
di omi kí ọ̀sán tó pọ́n;
àpò mẹ́wàá ń ṣiṣẹ́ àpò mẹ́fà.
Ọ̀dà ẹnu ilẹ̀kùn wú
bí awọ tí omi gbígbóná dà sí.

Ní Ayétòrò, baba mi a máa fi ọ̀dà dúdú kun ọkọ̀,
ìdí nìkan.
“Omi ń tọ́jú ìdí,” ni baba máa ń wí,
“ìwọ tọ́jú ibi tí èèyàn máa jókòó sí.”
Mo sọ ọ́ fún Khiêm
nínú Gẹ̀ẹ́sì àwa méjèèjì tó ń tiro.
Ó bọ́ bàtà tirẹ̀, ó gun òkè, ó dúró.
Ó ń ka nǹkan ní èdè rẹ̀, n kò mọ iye tó kà dé.
Ó sọ̀ kalẹ̀.
“Kun òkè.”

Mo kọ́kọ́ fi funfun báláú dán an wò.
Ó tutù lóòótọ́, àmọ́ ó ń ta lójú bí dígí,
a ń fojú dídi rìn bí ẹni tí ata ta sí lójú.
Mo wá po ọ̀dà: funfun, yẹ́lò díẹ̀,
ẹ̀kán àwọ̀ eérú kan,
títí ó fi rí bí ẹ̀kọ tútù.
Mo wọ́n iyanrìn sí i kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀.

Ajá ti ń sùn níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan.
Búlúù ṣì wà nísàlẹ̀, omi ń pọ́n ọn lá.
Ọ̀gbẹ́ni Khiêm kò sọ pé ó dára.
Ọjọ́ tí mo parí rẹ̀, ó kàn na ọwọ́
sí etí ọkọ̀, níbi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé,
ó fi ìka kan tọ ìlà náà lọ títí dé iwájú,
ọ̀dà tí kò tíì gbẹ sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ipa ìka náà hàn títí dòní.
N kò tún un ṣe.