Funfun Tó Yòrò

Ìdí garawa ọ̀dà ni mo dàgbà sí, ní Ìkéré.
Bàbá mi, Àjíbóyè akunlé,
tó kun ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, tó kun ilé-ẹ̀kọ́ kan,
tí kò rówó kun ulé tirẹ̀
(ulé ni wọ́n ń pè é, wọn ò pè é nílé rí),
a máa ní: “Rò ó, ọmọ yìí. Rò ó dé ìsàlẹ̀.
Funfun kì í bá omi ṣọ̀rẹ́ dénú.
Bí o bá yíjú báyìí, á lọ jókòó sídìí garawa,
omi á dá wà lókè bí ẹni tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀.”
Mo rò ó. Apá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Taiténíọ̀mù lorúkọ funfun náà.
Mo pé ẹni ogójì ọdún kí n tó gbọ́ ọ,
ní yàrá ìwádìí kan l'Ádó,
níbi tí mo ti ń fọ ìgò fún Dókítà Ìbídùnńní Fápohùndá.
Òun ló sọ fún mi pé òkúta ni,
òkúta àti ọ́síjìn tó di ara wọn mú
títí wọ́n fi pọ̀ kọjá kíkà, tí wọ́n wúwo, tí wọ́n rì.
“Ṣùgbọ́n bí a bá ká wọn mọ́ nígbà tí wọ́n ṣì kéré,
tí a fi omi kíkan bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́ yí wọn ká,
kí wọ́n di òṣùṣù kékeré, mẹ́jọ mẹ́jọ, méjìlá méjìlá,
wọ́n á wọ omi lọ, wọn ò ní rì mọ́.”

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ti ro ọ̀dà rí.

Ìgbà kìíní, ó dì. Ìgbà kẹrin, ó dì,
ìsàlẹ̀ ìgò funfun bí ẹ̀kọ tó sùn.
Ìgbà kẹsàn-án, wọ́n mú iná lọ,
yìnyín inú fìríìjì yọ́, ó dì.
Èmi ni mo ń ha á kúrò. Mi ò sọ̀rọ̀.
Dókítà náà ò sọ̀rọ̀. Ó kọ nọ́ńbà sínú ìwé,
ó jẹ ẹ̀pà, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Èrèlé
mo bá ìgò kan lórí tábìlì, mo pè é ní omi lásán,
mo ti ń dà á nù lọ.
“Dúró!”
Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.
Mo gbé e sójú fèrèsé. Mo rí ìka ara mi lódìkejì.
Mo mi ìgò náà. Mo gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan.
Kò sí nǹkan kan nídìí rẹ̀.

Ó kán búlúù sí i, búlúù tí iye mi fi ń ṣan yunifọ́ọ̀mù.
Iná ò sí, a gbé e sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
kí oòrùn ṣe tirẹ̀.
Ewúrẹ́ kan wá wò ó, ó lọ.
Ní agogo mọ́kànlá, ó dà bí ojú ọ̀run.
Ní ọ̀sán gangan, mi ò mọ ohun tí mo lè pè é.
Ní agogo méjì, omi.

“Wọ́n ṣì wà níbẹ̀,” ó ní, “kò dín kan.”
Alárinà ni wọ́n. Wọ́n gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn,
wọ́n mú búlúù mọ atẹ́gùn,
àwọn yẹn bára wọn lọ,
alárinà yẹ̀ba, ó ń retí ẹlòmíràn.
Mo bi í bóyá ó lè fọ odò ẹ̀yìn ọjà,
èyí tó ru aró àti ọ̀rá àti ìdọ̀tí wa.
Ó wo ìgò náà títí.
“Ìgò ni mo ní,” ó ní. “Mi ò tíì lódò.”

Mo padà sí Ìkéré ní Sátidé.
Ọwọ́ bàbá mi ti ń gbọ̀n.
Mo sọ fún un pé funfun ti yòrò.
Ó ní irọ́ ni.
Ó ní kí n gbé garawa wá, kí n wá igi,
pé èyí tó ṣẹ́kù lára ti ṣọ́ọ̀ṣì
á tó ògiri iwájú ulé.
A rò ó dé ìsàlẹ̀.