Kíka Ẹja Létí Ògbèsè

Ọjọ́ kẹta tí òjò dá la tó rí ọ̀nà débẹ̀.
Omi ti fà sẹ́yìn, ó fi kòtò sílẹ̀ lẹ́bàá odò
bí àlejò tó gbàgbé ẹrù mẹ́sàn-án sí yàrá onílé.
Mo kọ wọ́n sílẹ̀: Kòtò Kìíní, Kòtò Kejì,
títí dé ìdí ọparun.
Ọ̀gá wa Akínmúlẹ̀yà wọ bàtà rọ́bà dé itan.
Èmi ni mo mú ìwé, mo mú rúlà, mo mú òṣùwọ̀n.
Ẹ̀fọn ti jẹun tán kí àwa tó mu tíì.

Bàbá Ọmọ́mọ̀wò ló ń ju àwọ̀n.
Ìlàjẹ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ níbí débi pé
ohùn Àkúrẹ́ làwọn ọmọ rẹ̀ fi ń bú ara wọn.
Ó ń jù ú bí ẹni ń da aṣọ bo ọmọ tó sùn.

Ẹpìyà mọ́kànlélógún ló kọ́kọ́ gòkè,
àti àrọ̀ mẹ́ta, irùngbọ̀n wọn ń gbọ̀n
bíi ti àgbà tí wọ́n jí lójú oorun.
A wọn gígùn wọn, a wọn ìwúwo wọn,
a gé lẹ́bẹ́ òsì wọn díẹ̀, kí a lè dá wọn mọ̀ lọ́la,
a dá wọn padà sómi.
Àwọn ọmọdé tó ń wò wá bú sẹ́rìn-ín:
“Ẹ wá wo àgbà tó mú ẹja, tó tún bẹ̀ ẹ́ kó máa lọ!”

Ní Kòtò Kẹta, òjìji gbọ̀n mí dé èjìká.
Ọ̀gá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.
Bí ẹ bá rí ìwé náà, ẹ wo ojú ewé yẹn:
lẹ́tà ibẹ̀ ń wọ́ bí èèrà tó ṣìnà.

Àwọn ti Karùn-ún kì í ṣe ọmọ odò.
Ọ̀gbàrá èṣín ló wó adágún kọnkéré Adétìmẹ́hìn
tó kó wọn dà síbẹ̀.
A na ọwọ́, gbogbo wọn ya ẹnu sókè,
wọ́n ṣì ń retí oúnjẹ oníhóró.

Kòtò Keje.
Àwọ̀n lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún.
Ewé ló ń gbé bọ̀, àti sálúbàtà ẹsẹ̀ kan.
Ọ̀gá ní, “Kọ òdo.”
Bàbá ní, “Odò kì í jẹ́ òdo.
Obokún ló ń gbé ibí yìí. Nígbà tí ìyá àwọn ọmọ mi wà láyé,
a máa ń gbọ́ ọ lóru, tó ń kùn bí ẹni tó jẹ gbèsè.
Kọ ọ́ pé ó jáde.
Kọ ọ́ pé a ò mọ ìgbà tó ń bọ̀.”
Ìwé ìjọba kò láyè fún “ó jáde”.
Mo kọ òdo.
Mo fi pẹ́ńsù kọ ti bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wínníwínní.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ kó ọmọ ẹja dé láti Àlàgbàká,
ẹgbẹ̀rún méjì nínú ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ bíi bọ́ọ̀lù.
Keje ni wọ́n fẹ́ dà wọ́n sí.
Bàbá bu omi ibẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú nù.
“Ẹ ò bi onílé léèrè ohun tó lé e,
ẹ ti ń tẹ́ ẹní fún àlejò.”
Ọ̀gá dákẹ́. Awakọ̀ ń wo aago.
Wọ́n dà wọ́n sí i.

Lálẹ́, onílé tí a wọ̀ sí gbé ẹ̀bà wá.
Mo yí ẹja inú ọbẹ̀ mi padà:
ẹpìyà ni, wọ́n ti gé lẹ́bẹ́ òsì rẹ̀ díẹ̀.
Ọmọ onílé wojú mi, ó sá wọlé.
Mo ṣí ìwé. “Ṣé a tún rí i?”
Mo kọ bẹ́ẹ̀ ni.
“Níbo?”
Òjò ti ń ta sórí páànù,
odò ń padà bọ̀ wá kó ẹrù rẹ̀.
Mo kọ: Ògbèsè.
Mo fọwọ́, mo jẹun.