Káàdì Méjì

Ihò mẹ́rin péré ni wọ́n dá mọ́ kọ̀ǹpútà Otari;
ó dí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ọdún tó yípo.
Ló bá ra káàdì kan, ó tì í wọnú ẹ̀rọ,
díìsì mẹ́jọ so mọ́ ọn bí ọmọ ajá mọ́ ọmú ìyá.
Ìgbéyàwó ọgbọ̀n ọdún ní Kutaisi,
ìkórè àjàrà, ìsìnkú lójú yìnyín,
ojú àwọn tó lọ sókè òkun tí wọn ò padà,
ibẹ̀ ló kó gbogbo rẹ̀ sí.
Ọjọ́ kẹrin tí a sin ín, káàdì náà jóná.

Mo fọwọ́ kan bátìrì ara rẹ̀:
ó wú bí ọ̀fun ọ̀pọ̀lọ́.

Vazha, ọmọ àbúrò mi, ní, "Àǹtí, ẹ má fòyà.
Èyí tó bá ṣáà ti ní ihò mẹ́jọ, ẹ rà á, ó tán."
Ó tán kẹ̀?
Mo ra ọ̀kan, owó rẹ̀ kò ju ti adìyẹ lọ.
A tan ẹ̀rọ. Díìsì mẹ́jọ kùn yùn-ùn,
ojú ẹ̀rọ ní òfìfo ni gbogbo wọn,
ó ní ṣé kí òun fọ̀ wọ́n mọ́ kí n lè máa lò wọ́n?
Mo figbe ta. Mo fa wáyà yọ lára ògiri
bí ẹni fa ọmọ yọ lẹ́nu kànga.

Malkhaz tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn ibùdó ọkọ̀ ojú irin,
ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín,
òun ló là mí lóye.
"Ìyàwó Otari, irú méjì ni káàdì.
Ọ̀kan ń jọba. Kó díìsì rẹ lé e lọ́wọ́,
á gé ọ̀rọ̀ rẹ wẹ́wẹ́, á pín in káàkiri wọn
ní èdè tí òun nìkan gbọ́.
Bí díìsì kan bá ṣubú, kò séwu, ọba wà lórí ìtẹ́.
Bí ọba fúnra rẹ̀ bá wàjà ńkọ́?
Èkejì, ìránṣẹ́ lásán ni.
Ohun tí o fi rán an ló ń jẹ́,
kò bù ú, kò bù kún un.
Bó bá kú lálẹ́, o ra òmíràn láàárọ̀,
ilé ò ní mọ̀ pé àlejò dé."

Mo mu tíì rẹ̀ tán, n kò sọ̀rọ̀.
Otari gan-an nìyẹn.
Òun nìkan ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àjà wà.
Òun nìkan ló mọ iye tí a jẹ báńkì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni Malkhaz fi wá ìbejì káàdì tó kú,
ilé iṣẹ́ kan náà, nọ́ńbà kan náà.
Inú kọ̀ǹpútà dókítà eyín kan ní Poti ló ti rí i,
ilé ìwòsàn náà ti kógbá sílé.
Mo ta ẹsẹ̀ mẹ́ta kámẹ́rà láti san án.
Ó fi fáànù kékeré lé e lórí torí ooru,
ó pààrọ̀ àpótí iná, ó ní iná tí kò tó
ń pa díìsì ju ọjọ́ orí lọ.

Ó tàn.
Ìyàwó kan tí n kò mọ̀ ń bọ̀ látinú ṣọ́ọ̀ṣì,
ibòrí rẹ̀ há mọ́ ilẹ̀kùn,
mo sì gbọ́ ikọ́,
ikọ́ Otari, lẹ́yìn kámẹ́rà,
níbi tó máa ń wà.

Ọjọ́ márùn-ún la fi da gbogbo rẹ̀ sórí díìsì tuntun.
Malkhaz bi mí káàdì tí mo fẹ́ fi gbé wọn.
Mo ní ìránṣẹ́ ni.
Ọba wà nínú dúróà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò ojú ọkọ mi.

Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ:
wáyà pupa, díìsì kìíní.
Wáyà dúdú, díìsì kejì, títí dé ìkẹjọ.
Kọ́kọ́rọ́ àjà wà nínú ìkòkò iyọ̀.
Vazha, bí mi ò bá sí, kà á sókè.