Ìlà Súwè

Mo kọ ọ́ sójú pátákó ní àárọ̀ Mọ́ńdè:
Má sáré. Má pariwo. Má mú ohun tí kì í ṣe tìẹ.
Kíláàsì kejì ní Òde-Rẹ́mọ, ọmọ mọ́kànlélógójì,
wọ́n ń kà á tẹ̀lé mi bí ẹ̀gà,
ẹnu ń ṣiṣẹ́, ojú ń wo ọsàn ìta.

Odùnúgà ló nawọ́, èyí tó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.
"Tìṣà, kí ló dé?"
Kí ló dé tí kí ni?
"Kí ló dé tí a ò gbọdọ̀?"

Ọwọ́ mi ti kan pàṣán.
Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi pàṣán dáhùn ìbéèrè yẹn.
Mo fọwọ́ sẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n jáde lọ ṣeré.

Lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, Tìwàlọlá ti fi igi
fa ìlà sórí iyẹ̀pẹ̀ pupa, ilé mẹ́jọ.
Wọ́n ju àpáàdì.
Ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè.
"Lèsí tẹ ìlà?"
"Èmi kọ́!"
"Ìwọ ni, wo àtàǹpàkò rẹ!"
Fásílà wo àtàǹpàkò rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ọlọ́pàá wo ló ń ṣọ́ ìlà yẹn?
Ta ló na Fásílà kó tó gbà?

Òjò dé, òjò ọ̀sán tí kì í kílọ̀.
Ó ti dá kí gààrí inú ife mi tó rọ̀,
ṣùgbọ́n ó ti fọ ilé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ.

Wọ́n padà. Tìwàlọlá fò, ó dúró gẹ́lẹ́
níbi tí ìlà wà nígbà tí ìlà ṣì wà.
Odùnúgà ní, "Ìlà dà?"
Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn kọjá bí ẹni ń lọ sọ́jà.
"Mo ti jẹ! Mo ti jẹ gbogbo ilé!"

Kò sẹ́ni tó bá a jà.
Wọ́n kàn jókòó. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn.
Ọmọ tó jẹ gbogbo ilé dúró nínú ẹrọ̀fọ̀,
kò rẹ́ni bá a yọ̀.
Ó pẹ́ díẹ̀. Ó wá igi.
Òun fúnra rẹ̀ ló tún ìlà náà fà,
ó tilẹ̀ tọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

A wọlé. N ò ṣí ìwé.
Mo sọ ti oko obì bàbá mi fún wọn, lọ́nà Ìsarà:
pèrègún ni ààlà, òdì kejì jẹ́ ti Bàbá Ọ̀sìnówò,
ẹni tí ojú ti fọ́ mọ́ lórí.
Mo ṣa obì méje lọ́hùn-ún.
Mo ní, "Bàbá náà ò kúkú ríran."
Bàbá mi ò nà mí. Ó ní kí n dá a padà,
ó ní, "Ẹni tí ò ríran la gbin pèrègún fún."

Kíláàsì dákẹ́. Bóyá ó yé wọn,
bóyá ebi ló ń pa wọ́n.
Adémọ́yè, tí orí rẹ̀ ò ga tó tábìlì,
tí wọ́n máa ń tì kúrò nídìí ẹ̀rọ omi lójoojúmọ́,
ló rọra béèrè pé,
"Tìṣà, ìlà ti ẹ̀rọ omi ńkọ́?"

Ní Tọ́sìdeè, táyà ọ̀kadà tó gbé mi bẹ́ lọ́nà.
Agogo ti lù kí n tó dé.
Òfin apẹ́lẹ́yìn: ṣa ewé mẹ́wàá nínú ọgbà kí o tó wọlé.
Èmi ni mo kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà.
Wọ́n ń wò mí lójú fèrèsé, gbogbo wọn,
ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.

Mo gbé báàgì kalẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀. Orúnkún mi ké.
Odùnúgà gbé agbọ̀n tẹ̀lé mi, ó ń kà á.
Ó ní, "Tìṣà, ó ku mẹ́ta."