Ọ̀nà Àbùjá

Dókítà Hesketh fi bírò ya ẹ̀dọ̀ rẹ sẹ́yìn ìwé oúnjẹ,
ó fa ìlà kan gba àárín rẹ̀ kọjá.
“Ibí la máa gbà.” Irin kékeré oníhò gbọọrọ,
kí ẹ̀jẹ̀ yéé ti iṣan àpòlúkù rẹ
bí ọlọ́pàá ṣe ń ti ilẹ̀kùn.
Ọrùn ni wọ́n gbà wọlé. Ọrùn!
Mo ní ṣé kì í ṣe inú ló ń ṣe é ni?

Ẹ̀jẹ̀ dá. Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n tó ráhùn.
Èyí tí o bì sínú báàfù lóru ọjọ́ Àìkú,
tó dúdú bí kọfí àná,
kò padà wá mọ́. Mo dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbùjá kì í dé ẹnubodè.
Ẹ̀dọ̀ ni oníbodè, òun ló ń tú ẹrù wò,
òun ló ń gba májèlé lọ́wọ́ ohun tá a jẹ.
Nísinsìnyí ẹrù ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí orí rẹ.

Lọ́jọ́ kọkànlá, o da tíì sínú bàtà.
O ní kí n ti fèrèsé,
pé odò Humber ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀.
O fi orúkọ àbúrò rẹ tó kú sí Ìrè pè mí,
mo sì jẹ́ ẹ.

Nọ́ọ̀sì Maureen ní kí o na ọwọ́ méjèèjì
bí ẹni ń dá ọkọ̀ dúró.
Ọwọ́ rẹ ń jù fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀,
ẹyẹ òkun tó fẹ́ bà lé ògiri, tí afẹ́fẹ́ ò jẹ́.
Ta ni olórí ìjọba?
O ní wọ́n ń pààrọ̀ wọn jù.
Obìnrin náà rẹ́rìn-ín,
kò mọ ohun tí yóò kọ sílẹ̀.

Oògùn olómi dídùn. Ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́ta lójúmọ́:
mo ń kà á, mo ń fàlà sára kàlẹ́ńdà
níbi tá a ń kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí.

Hesketh ní àwọn lè fún ihò irin náà.
Bí ó bá fún jù, ẹ̀jẹ̀ lè padà.
Bí ó bá gbòòrò bẹ́ẹ̀, ìwọ ni ò ní padà.
Bàbá mi a máa wí pé, fẹ̀dọ̀ lérí òróòro.
N kò mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni n ó gbé lé tèmi.

Láàárọ̀ yìí o wo ìta, o ní,
“Ìbídùn, òjò ti dá.”
Òjò ò dá rárá.
Ṣùgbọ́n Ìbídùn lorúkọ mi.