Mahógánì Àwọn Knickle

Ní Lunenburg, létí òkun tó tutù bí ojú ẹni tá a jẹ lówó,
Àǹtí Merle ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì méjèèjì gbayawu
kí atẹ́gùn lè wá gbé òórùn kẹ́míkà jáde.
Ó ti ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgúnpá,
ó fi gíláàsì ńlá bo ojú, ó wo ẹsẹ̀ mi tàánú-tàánú:
"Ta ló ń wọ sálúbàtà wá síbi irú iṣẹ́ yìí?"
Mo padà sílé lọ wọ bàtà.

Kọ́bọ́ọ̀dù náà ga jù mí lọ. Dúrọ́ọ̀ mẹ́fà, ẹsẹ̀ kan ti yẹ̀.
Láti kékeré la ti ń gbọ́ ìtàn rẹ̀:
mahógánì ni, mahógánì pọ́ńbélé,
ọkọ̀ kan ló fọ́ mọ́ àpáta, igi inú rẹ̀ léfòó wá sétí omi,
Baba Àgbà Enos fi màlúù méjì wọ́ ọ wálé.
Ọkùnrin kan ní Halifax, tó ń ra ohun àtijọ́,
ti dá iye tó máa san bí igi náà bá fojú hàn.
Iye náà tó òrùlé. Òrùlé ń jò.

Kẹ́míkà náà ki bí ògì.
"Má fi pa á bí ẹni ń para. Tẹ́ ẹ lé e nípọn,
kó o kúrò níbẹ̀, kó o jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀."
A fi ọ̀rá bò ó. A mu tíì.
Lábẹ́ ọ̀rá, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó lé roro,
ó súnkì bí awọ orí wàrà gbígbóná.

Píǹkì ló kọ́kọ́ ṣí.
"Èmi ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Orí mi ò tíì pé."
Funfun tẹ̀ lé e: ọdún tí iná mànàmáná dé àdúgbò wọn,
tí ìyá rẹ̀ rí ìdọ̀tí ilé ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.
Lẹ́yìn náà, àwọ̀ ewé, irú èyí tó wà lára ọkọ̀ apẹja.
"Lemuel, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ibi iṣẹ́ ló ti bù ú.
Má sọ fún ẹnikẹ́ni."
Lemuel ti kú láti ogójì ọdún.
Òjé wà nínú ìyẹn, ó kìlọ̀, má jẹ́ kó gbẹ, má jẹ́ kó di eruku.
Mo ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ họ wọ́n,
òkú àti alààyè, wọ́n ń já bọ́ yọ̀ọ̀ sínú agolo kan náà.

Nígbà tó yá, igi fojú hàn.
Ó pupa, ó dúdú, iṣan rẹ̀ ń yí po kókó bí omi tó ń yí po òkúta.
Àǹtí mi fọwọ́ lé àyà.
"Enos," ló wí, bí ẹni ń kí i káàbọ̀.

Mo rí ẹ̀kán kẹ́míkà kan ní igun, mo fi àkísà nù ún.
Iṣan igi bá àkísà lọ.
Mo tún nù ún. Kókó parẹ́.
Abẹ́ rẹ̀ funfun bí inú búrẹ́dì:
páìnì, páìnì lásán, irú èyí tí wọ́n fi ń kan àpótí ẹja.

Wọ́n ní bí irọ́ bá sá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ó bá a.
Tiwa ti sá fún àádọ́fà ọdún.
Síńgílẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó ọwọ́ mi ló wá bá a.

Mo rò pé yóò sunkún. Mo ń ka páànù òrùlé lọ́kàn.
Merle yọ gíláàsì, ó tẹ̀ sún mọ́ ọn:
"Ìyẹ́ ló fi yà á. Ìyẹ́ ẹyẹ òkun.
Ibí yìí lọwọ́ rẹ̀ ti gbọ̀n. Kókó yìí, àtàǹpàkò ló fi tẹ̀ ẹ́,
wo ìlà rẹ̀."
Lóòótọ́, ìlà náà wà níbẹ̀, roboto,
àtàǹpàkò apẹja tí kò ní kọ́bọ̀, lóru ìgbà òtútù,
tó fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ ní mahógánì.

Ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi. Ó dé agolo pa.
Lálẹ́ ọjọ́ náà òjò rọ̀, a gbé báàkẹ́tì síbi mẹ́ta.
Àǹtí mi gbé dúrọ́ọ̀ kan lé itan,
ó ń fi àtàǹpàkò tirẹ̀ wọn ti Enos.
Tirẹ̀ ló tóbi jù.